Ọwọ́ Lórí Àyà ní Pápá Lattimore

Ohun mẹ́ta ló bàjẹ́ ní pápá ìje mọ́tò Lattimore ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà. Ọkọ̀ omi tó yẹ kó fọ́n omi sí ilẹ̀ amọ̀ kí ìje tó bẹ̀rẹ̀ kò jáde rárá. Iná ìkìlọ̀ tó wà ní kọ́nà kẹta ti kú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe. Ẹsẹ̀ Odell Pruitt, ọ̀kan lára àwọn awakọ̀ ìje, sì ṣẹ́ sínú mọ́tò rẹ̀.

Delmer Stroud jókòó sínú mọ́tò tirẹ̀ tí iwájú rẹ̀ ti run, ó gbé akoto lé itan. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú ló ti ń wa mọ́tò lórí amọ̀ pupa àwọn òkè Carolina. Eegun ìhà rẹ̀ ti ṣẹ́ rí, eyín rẹ̀ ti yọ rí, àwọn ife ẹ̀yẹ rẹ̀ sì wà nínú gáráàjì, tí aláǹtakùn ń takùn bò wọ́n. Àárẹ̀ tó mú un lónìí kọjá ti ara.

Eruku ló fa gbogbo rẹ̀. Mọ́tò Odell yí ní kọ́nà kẹta, ó sì dúró gbagidi sójú ọ̀nà. Eruku bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Iná kò tàn. Ìgbà tí Delmer yóò fi rí i, ó ti kọ lù ú.

Àṣà kan wà láàárín àwọn tó ń sáré lórí amọ̀. Bí o bá ta ẹlòmíràn dànù, tí o sì mọ̀ pé ẹ̀bi rẹ ni, wàá fọwọ́ kan àyà rẹ bí o ti ń kọjá níwájú alásíá tó ń darí ìje. Èmi ni, ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wàá bọ́ sẹ́yìn pátápátá, ẹni tí o ta dànù yóò gba ipò rẹ̀ padà, ìjà ti parí. Delmer ti fọwọ́ kan àyà lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún un nìyẹn, ju ife ẹ̀yẹ lọ.

Wade Lattimore, tó jogún pápá náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́tò.

"Bọ̀dá Delmer, ẹ pẹ̀lẹ́. Ambúláǹsì ti gbé Odell lọ. Àwọn èrò ń hó. Ẹ kàn fọwọ́ kan àyà, ká lè máa bá ìje lọ."

"Nítorí kí ni?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ lù ú, àbí èmi ni?"

Tuck Sizemore pariwo láti inú mọ́tò tó wà lẹ́yìn wọn: "Bàbá, ẹ ṣe é kíá jàre! Bọ́gà mi ti ń tutù!"

"Panu mọ́, Tuck. Ìwọ tí o ń tẹ bíréèkì bí ẹni tó ń tẹ ẹyin." Delmer yíjú padà. "Wade, ọkọ̀ omi dà?"

"Ó bàjẹ́, sà."

"Mo kọjá nílé rẹ lọ́sàn-án. Òun ni wọ́n fi ń pọnmi kún odò ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ."

Wade rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí ẹ ò bá ṣe é, ẹ ò ní wọ pápá yìí mọ́. Pápá wo ló tún máa gba arúgbó?"

Òótọ́ ni, Delmer sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fọwọ́ kan àyà, yóò padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, sínú eruku kan náà, Verna ìyàwó Odell yóò sì gbọ́ ní ọsibítù pé ẹ̀bi Delmer ni. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ọwọ́ rẹ̀ ti gbéra. Ó wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀: eruku tó wà lára rẹ̀ gbẹ bí àtíkè. Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

Ó rọra yọ ara rẹ̀ jáde lójú fèrèsé, ó gbé akoto sórí òrùlé mọ́tò.

"Èyí tó bá jẹ́ tèmi, mo máa ń gbà á, Wade. Èyí kì í ṣe tèmi. Lé mi bí ó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó jáde ní géètì yẹn, yíjú sí àwọn èèyàn wọ̀nyí, kí o fọwọ́ kan àyà tìrẹ."