Ẹ̀rọ Tí Bàtà-Ń-Dán Yàn

Ẹni tí kò kó ìgbẹ́ màlúù rí láyé ni wọ́n ní kó lọ yan ẹ̀rọ tí yóò máa fọ́n ọn sóko. Ṣíọ̀!

Ìyá Màlúù ni wọ́n ń pe obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọdún méjìlá gbáko ló fi ń fi fọ́ọ̀kì gígùn kó ìgbẹ́ ogójì màlúù bàbá rẹ̀ sínú bárò, tó ń tì í lọ sóko, tó sì ń fọ́n ọn káàkiri kí ilẹ̀ lè lọ́ràá. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹjọ́ sùn títí, kò rẹ́ni gbọ́. Dókítà ti wá là á mọ́lẹ̀ fún un pé bó bá tún fi ọwọ́ ṣe é lọ́dún kan sí i, ẹ̀yìn náà ò ní nà mọ́. Ìgbà yẹn ni bàbá tó gbà, pẹ̀lú ìkùnsínú, pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ tí katakata ń fà, tó ń fọ́n ìgbẹ́ fúnra rẹ̀.

Ta wá ni bàbá ní kó yàn án? Ẹ̀gbọ́n Ìyá Màlúù ọkùnrin tó ń ta mọ́tò nígboro, torí pé “ó mọ ẹ̀rọ”. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá wá kí wọn, orí ìka ẹsẹ̀ ló fi ń gba àgbàlá kọjá kí ìdọ̀tí má baà kan bàtà rẹ̀. Ìyá Màlúù ti sọ ọ́ ní Bàtà-Ń-Dán tipẹ́, inú ikùn ló kàn ń pè é sí, àgbà ṣáà ni.

Ẹ̀rọ méjì ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá ní ṣọ́ọ̀bù. Èkíní pupa, ó ń kọ mànà, abẹ̀bẹ̀ irin méjì ló ń yí nídìí rẹ̀. Èkejì ò wu ojú rárá, àmọ́ òpó irin méjì dúró gbọnyin nídìí tirẹ̀, eyín ṣóńṣó-ṣóńṣó yí wọn ká. Òǹtajà da ajílẹ̀ gbígbẹ tó kúná sínú pupa, ó tan án. Fìììì! Ajílẹ̀ fọ́n dé ìpẹ̀kun pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Bàtà-Ń-Dán pàtẹ́wọ́.

“Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́,” ni Ìyá Màlúù wí, “koríko gígùn là ń tẹ́ fún màlúù tiwa sùn. Bàbá ò jẹ́ ká gé e rí. Òun àti ìgbẹ́ ló máa ń lọ́ mọ́ra wọn. Eyín yẹn ló lè fà á ya. Abẹ̀bẹ̀ yìí, ńṣe ni koríko máa wé mọ́ ọn.” Ó ṣí garawa tó gbé dání. “Mo bu tiwa wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi dán an wò.”

Òórùn sọ. Bàtà-Ń-Dán sún sẹ́yìn, ó kọ́kọ́ wo bàtà rẹ̀ ná.

“Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni? Gbé nǹkan yẹn kúrò níbí! Ta ló ń ta mọ́tò láàárín àwa méjèèjì?”

“Ẹ̀yin ni, Bọ̀dá mi. Mọ́tò kì í kúkú yàgbẹ́.”

Ó ra pupa. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, bàbá ń fi ọ̀pá rẹ̀ kàn án wò, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi mọ ẹ̀rọ!” Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìyá Màlúù wọ eegun. Láti ọdún méjìlá, kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un pé ó mọ nǹkan kan.

Wọ́n kó ìgbẹ́ kún ẹ̀rọ dẹ́nu. Bàtà-Ń-Dán fúnra rẹ̀ ló wa katakata. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ó ń ṣàlàyé fún bàbá láti orí ìjókòó bí ìgbẹ́ ṣe máa fò. Ìgbẹ́ fò lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ kérora, ó dákẹ́. Koríko ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ bíi gèlè, kò sì sẹ́ni tó lè tú u àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀.

Bàtà-Ń-Dán wúkọ́. “Àbúrò mi, jọ̀ọ́, lọ mú fọ́ọ̀kì ẹ wá. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n kó.”

Ẹ gbọ́ o! Òní ló mọ̀ pé àbúrò òun mọ nǹkan!

Ìyá Màlúù lọ, ó mú fọ́ọ̀kì dé. Gbogbo wọn rò pé ó fẹ́ gun ẹ̀rọ ni. Ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

“Ẹ gbà, Bọ̀dá mi. Ẹ̀yin lẹ mọ ẹ̀rọ.”

Ó fẹ́ dìde, ẹ̀yìn kọ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yìn tún kọ̀. Bó ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ nìyẹn, tó ń di fọ́ọ̀kì mú kó má baà ṣubú.

Bàtà-Ń-Dán wo bàbá pé kó gba òun sílẹ̀. Ọmọ tó wà ní ìkúnlẹ̀ ni bàbá ń wò. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ọmọbìnrin rẹ̀ kó fi dìde, ó sì kọjú sí ọmọkùnrin rẹ̀.

“Gba fọ́ọ̀kì. Bọ́ bàtà ẹ.”

Ó wá yíjú sí Ìyá Màlúù. “Garawa ìgbẹ́ tó o gbé jáde lọ́jọ́ náà dà? Lọ́la, a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni. Èmi ni màá gbé e.”