Orin Ìparí Gbóyèga

Òpin sáà dé, àwọn atẹdùùrù Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó sì kóra jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìtàjí bí ìṣe wọn. Ẹni tó bá rò pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni àwọn tó ń tẹ dùùrù kò tíì bá wọn ṣèpàdé rí. Ariwo wọn pọ̀ débi pé Modúpẹ́, akọ̀wé ẹgbẹ́, ní láti pàtẹ́wọ́ kó tó lè ka ìròyìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń retí orin.

"Ọyẹ́ ti dé," ni Modúpẹ́ wí. "Ẹ fi aṣọ bo dùùrù yín kẹ́ ẹ tó lọ fún ìsinmi, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ lára iná. Ẹ ju kánfọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Eku jẹ wáyà ẹnìkan lọ́dún tó kọjá, a ò ní dárúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé mínírà lé dùùrù mọ́." Ẹ̀rín sọ, gbogbo wọn sì yíjú sí ẹnìkan náà.

Ó ku gbólóhùn kan. Láti ìgbà tí Gbóyèga, atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì náà, ti lọ sí Kánádà ni Modúpẹ́ ti ń fi í parí ìròyìn: a fi orin ìparí sílẹ̀ de Gbóyèga. Wọn kì í kọ orin náà rárá. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á túká. Modúpẹ́ ló bẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Òun àti Gbóyèga ti mọ ilé ara wọn, òrùka ló kù, Gbóyèga sì ti ṣèlérí pé òpin sáà yìí kò ní bá òun lókè òkun. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló pè pé iṣẹ́ ò jẹ́ kí òun lè wá, ó di ọdún tó ń bọ̀. "Ẹ kọrin yín, Dúpẹ́," ló wí. "Ẹ má dúró dè mí mọ́."

Àárò rẹ̀ ń sọ Modúpẹ́ gan-an. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló sì ń bà á: bí wọ́n bá lè kọ orin náà láìsí Gbóyèga, a jẹ́ pé ààyè rẹ̀ ti dí nìyẹn.

Bàbá Dàda, alága wọn, rí i pé ó ti ń ká ìwé ìròyìn rẹ̀ láìtíì ka gbólóhùn ìkẹyìn. "Modúpẹ́ ọmọ mi, ùwọ ni kó o tẹ̀ ẹ́ lónìí. Àwọn ènìyàn fẹ́ relé, orin ni wọ́n ń dúró dè."

Dùùrù àtijọ́ ni Gbóyèga ń tẹ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fẹ́. Àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lu. Kó tó kan ẹsẹ ìkẹyìn orin, Gbóyèga a dáwọ́ dúró, a fẹ́ ẹ, fùù, fùù, títí àpò yóò fi kún. Modúpẹ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ. Dùùrù náà ti wà ní yàrá ẹ̀yìn báyìí. Kíbọ́ọ̀dù oníná ni wọ́n rà, kò sì nílò afẹ́fẹ́ ẹnikẹ́ni.

Modúpẹ́ jókòó. Ó tẹ ẹsẹ kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìjọ sì ń gbè é. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere, bó sì ṣe ń lọ geere yẹn ń dùn ún wọra. Bí ìkẹta ti parí, ó wọ ìkẹyìn lọ tààrà.

Kíbọ́ọ̀dù nìkan ló ń dún. Kò sẹ́ni tó lanu.

Ó rò pé òun ti ṣì í tẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. Gbogbo ìjọ wà lórí ìdúró, ìwé orin wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi sùúrù dúró de àpò tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Gbóyèga ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé òun gan-an mọ̀.

Omi bọ́ lójú Modúpẹ́. Ó gbọ́wọ́ kúrò. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ símẹ́ǹtì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, títí àpò ìbá fi kún, kó tó tún gbọ́wọ́ lé e. Wọ́n gbé orin pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí orin parí, ó padà síbi tó ti ń ka ìròyìn.

"Ìránnilétí kan ṣẹ́kù," ló wí. "Dùùrù yòówù kẹ́ ẹ máa tẹ̀, ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ ẹsẹ ìkẹyìn."