Orí Kan, Ìyá Méjì

Ẹ gbọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun fẹ́ fi orí yín ta tẹ́tẹ́, ẹ má dúró béèrè ìdí, ẹ sáré. Èmi ò sáré. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, orí ọ̀hún sì ti ń pá lọ, mo ní kí ni wọ́n tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Onídìrí ni ìyá mi. Iwájú ilé wa gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ibi tó ti ń fọ irun oníbàárà àti ibi tí a ti ń dáná. Láti kékeré ni mo ti ní àga tèmi níbẹ̀, àga gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí ńlá, níbi tí mo ti ń na òòyà sí ìyá mi, tí mo sì ń gbọ́ gbogbo òfófó àdúgbò. Ìjọba mi nìyẹn. Àwọn oníbàárà á wọlé, wọ́n á wo irun mi, wọ́n á ní, "Irú èyí ni kí ẹ ṣe fún mi," orí ìyá mi á sì wú.

Àfi bí irun ọ̀hún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ̀gbẹ́ etí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba iwájú orí, ó wá kan ìpàkọ́. Bí ìyá mi bá ti fi ṣampú fọ̀ ọ́ báyìí, á máa yún mi bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀, eépá funfun á sì máa bọ́ sí mi léjìká. Ó pààrọ̀ ṣampú inú ike aláwọ̀ ewé sí ti pupa, ó tún pààrọ̀ ti pupa sí èyí tí wọ́n ya obìnrin onírun gígùn kan sí lára. Obìnrin yẹn ń rẹ́rìn-ín, irun tèmi ń já. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà tuntun kan wọlé, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó bi ìyá mi pé, "Ẹ̀yin náà lẹ ń ṣe irun ọmọ yìí?" Ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé, òun ń bọ̀. Títí di òní, kò tíì rí nǹkan ọ̀hún.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi gbé àga mi kúrò nídìí dígí.

"Inú ilé ni kí o ṣì máa jókòó sí," ó ní. "Bí irun ẹ bá hù padà, wàá padà wá."

Kò pariwo, kò sì wojú mi. Ì bá gbá mi létí, kò ní dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, n kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ayé yìí ju kí n padà sórí àga mi lọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, n kì í sì í gbọ́ ìdí ẹ̀rín.

Abẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ọ́ lójú ìyá mi, tí kò gbà rí láyé pé òun ba irun ẹnikẹ́ni jẹ́? Ìyá bàbá mi ló sọ ọ́. Orúnkún ló ń yọ Màmá àgbà lẹ́nu, bàbá mi sì ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi ṣí fìlà orí mi.

"Ta ló ṣe orí ọmọ yìí báyìí?"

"Màmá, ẹ kú ìrìn," ìyá mi ní. "Ẹ jókòó ná. Irun ẹ̀ ló ń já, mo sì ń tọ́jú ẹ̀."

"Kí lo fi ń tọ́jú ẹ̀?"

"Ṣampú ni, mà. Ojúlówó ni."

"Ìyàwó mi, gbé e jù nù. Àgbà ò ní wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bá mi wá amọ̀, bá mi wá ilá àti ewé etí erin olómi yọ̀rọ̀ yẹn. Orí ọmọ yìí á bọ̀ sípò."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kì í dé ojú. "Ilá kẹ̀? Màmá, ṣé ẹ fẹ́ se ọmọ náà ni?"

Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Màmá àgbà ní ta ló ń ta ṣampú nígbà tí irun àwọn ń kan àwọn léjìká. Ìyá mi ní iṣẹ́ tí òun kọ́ ni òun ń ṣe, àti pé gbogbo ike tó wà lórí pẹpẹ òun, tí òun bá gbé e jù nù, kí ni òun fẹ́ fi fọ irun oníbàárà, ṣé omi ọbẹ̀ ni? Bàbá mi, tó jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù, tó jẹ́ pé oorun nìkan ló bá wálé, gbé orí sókè lórí àga.

"Orí náà ní ọ̀tún, ó ní òsì," ó ní. "Ẹ pín in."

Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá mi wo Màmá àgbà, Màmá àgbà wo ìyá mi, àwọn méjèèjì wá yíjú sí orí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí tẹ́tẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n la irun mi sí méjì láti iwájú dé ìpàkọ́. Ọ̀tún bọ́ sọ́wọ́ ìyá mi àti ṣampú rẹ̀, òsì bọ́ sọ́wọ́ Màmá àgbà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Bàbá Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa á wá fi téèpù wọ̀n ọ́n. Bí ṣampú bá borí, Màmá àgbà ò ní sọ̀rọ̀ ilá mọ́ láé. Bí ilá bá borí, inú ṣọ́ọ̀bù, lójú àwọn oníbàárà, ni ìyá mi á ti fi ilá fọ gbogbo orí mi. Wọ́n ní bí erin méjì bá ń jà, koríko ibẹ̀ ló ń jìyà. Ẹ ti mọ koríko náà.

Màmá àgbà á kọ́kọ́ po amọ̀ tí wọ́n ti kù, wọ́n á fi ra apá òsì orí mi kó lè fa òróró àti ìdọ̀tí jáde, wọ́n á sì ṣan án nù. Wọ́n á wá rẹ́ ilá sínú omi, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n á fi omi inú etí erin lù ú, wọ́n á sì fi ìka yà á wọnú irun mi, díẹ̀díẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló máa ń kẹ́yìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìwàǹwára ò jẹ́ kí wọ́n sẹ́ ẹ dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ tó jókòó tì mí ní kíláàsì yọ hóró ilá kan nínú irun mi, ó gbé e sókè fún gbogbo ayé rí.

"Ẹ wá wò ó o! Wọ́n ti gbin nǹkan sí i lórí!"

Olóko ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ yẹn. Mo fi ìwé gbá a lórí, wọ́n sì fìyà jẹ mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: lóru yẹn, nígbà tí apá ọ̀tún ń yún mi bíi ti tẹ́lẹ̀, apá òsì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo dùbúlẹ̀, mo ń fọwọ́ kàn án. Ó rọ̀! Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jí Màmá àgbà.

Kò pẹ́ sígbà náà, ìyá mi ń ya apá tirẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Lójijì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo wò ó nínú dígí. Irun mi ti kún inú òòyà náà, bí ìgbà tí ènìyàn fi òòyà ya òwú. Ó tú irun ọ̀hún kúrò, ó fi ọwọ́ ká a rogodo, ó sì fi í sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ó pọ̀ ni, Mọ́mì?"

"Lọ jẹun," ó ní.

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni nǹkan ti yí padà. Bí ìyá mi bá fẹ́ fọ apá ọ̀tún, á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á ní kí n gbórí sẹ́yìn nínú básíìnì, á fi táwẹ́ẹ̀lì bò mí lójú pé kí ṣampú má baà ta mí lójú. Kó tó di ìgbà yẹn, ojú mi ì bá fọ́, kò kàn án. Ìfófòó tí mo máa ń gbọ́ létí, n kò gbọ́ ọ mọ́. Orí mi ò sì yún mi mọ́. Mo rò pé ṣampú ọ̀hún ti ń tijú ni.

Irun bá bẹ̀rẹ̀ sí í hù! Ẹ ò rí mi láàárọ̀, mi ò tíì fọ ẹnu tí mo ti ń sáré lọ sídìí dígí. Irun wẹ́wẹ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì. Ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọ̀tún. Mo ń fò sókè, mo ń pe bàbá mi lórí fóònù níbi tó ti ń wakọ̀, pé, "Dádì, ó ti bo etí! Ó ti bo etí!"

"Ẹ rí i, Màmá?" ìyá mi á pariwo. "Ṣampú ń ṣiṣẹ́ o!"

"Mo rí i, ìyàwó mi," Màmá àgbà á dáhùn, wọ́n á sì máa rẹ́ ilá wọn lọ. Abọ́ ilá tí wọ́n ń gbé sínú fíríìjì ń tóbi sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń dín kù. Bàbá mi ni mo fura sí. Mo rò pé ó ń bù ú jẹ nígbàkigbà tó bá wálé.

Ọjọ́ ìdájọ́ wá pé. Ọjọ́ Sátidé ni, ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́, nítorí ìyá mi ti sọ fún ẹni tó yẹ àti ẹni tí kò yẹ. Bàbá Télọ̀ wọlé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn àti gíláàsì lójú, ó ń ṣe bí adájọ́. Orí ìdúró ni mo wà. Àga mi wà nínú ilé níbẹ̀, mo sì ń wò ó láti ẹnu ilẹ̀kùn. Bàbá Télọ̀ fa irun kan lọ́tùn-ún, ó wọ̀n ọ́n. Ó fa òmíràn lósì, ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n.

"Dọ́gba!" ó kígbe. "Ọgbọọgba ni wọ́n!"

Ariwo sọ. Ìyá mi ń jó, ó ní ṣé ẹ rí i pé ṣampú ò ba irun ọmọ òun jẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé òkè ilé wa, tí irun tirẹ̀ náà ti ń já láti ọjọ́ yìí, dìde lábẹ́ dráyà.

"Ṣampú tí ẹ fi fọ ọ̀tún yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi fọ tèmi," ó ní. "Kì í ṣe irú ẹ̀ o. Òun gan-an." Ó sì na ọwọ́ gbé ike tó wà létí básíìnì, èyí tí wọ́n ya obìnrin onírun gígùn sí lára.

"Rárá o!" Ijó kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá mi. "Ìyẹn ti fẹ́ẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kí n ṣí tuntun fún yín..."

Ó ti pẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì ti tẹ ike náà sí àtẹ́lẹwọ́. Nǹkan yọ̀rọ̀ kan jáde, ó ń fà, ó ń fà, ó fà láti ọwọ́ rẹ̀ dé ilẹ̀, kò já. Hóró funfun kékeré kan sì jókòó sí àárín ọwọ́ rẹ̀.

"Kí lèyí?"

Bàbá Télọ̀ tún gíláàsì rẹ̀ ṣe, ó sún mọ́ ọn. "Ilá ni," ó ní.

Dráyà nìkan ló ń dún. Mo wo ìyá mi, àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fẹ́ sọ pé èmi ni mo rọ ọ́ síbẹ̀. Gbogbo oníbàárà tí ìyá mi ń jẹun lára wọn ló wà níbẹ̀, ike ṣampú tó kún pẹpẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo jí i ni," ìyá mi ní. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo ya irun ọmọ mi lọ́jọ́ kan, ó kún òòyà. Mo wá bi ara mi pé, ṣé kí n borí Màmá ló ká mi lára ni, àbí kí irun ọmọ mi hù? Mi ò lè bẹ̀ wọ́n, ẹnu mi ò gbà á. Mo bá ń lọ sídìí fíríìjì, mo ń bu ilá wọn." Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà, ó yíjú sí ẹnu ilẹ̀kùn. "Màmá, ẹ má bínú."

Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ni Màmá àgbà wà, ọ̀bẹ ilá ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Dìde, jàre," wọ́n ní. "O ò jí nǹkan kan. Ta lo rò pé mò ń rẹ́ ìyókù fún?"

Ìyá mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó nu ojú, ó wọlé lọ, ó gbé àga mi jáde fúnra rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ sídìí dígí, sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an.

"Wá jókòó," ó sọ fún mi.

Ó gbé abọ́ ilá wá síta, lójú gbogbo wọn, kò sì ti ilẹ̀kùn kankan. Ẹnì kan bi í pé kí ni nǹkan yìí. "Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ọkọ mi ni," ó dáhùn, ohùn rẹ̀ sì dé ìta. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Màmá àgbà tiro wá, wọ́n bọ́ sí òsì, wọ́n ní ó ti ń yára jù, kò rọra. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ tó kún fún ilá kan èjìká mi, ó ní òun ló kàn o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba iwájú òun.

Ọwọ́ mẹ́rin ló wà lórí mi, omi tútù ń ṣàn gba etí mi. Mo na ẹsẹ̀ mi lórí àga mi, mo sì ní kí nọ́ọ̀sì sún mọ́ mi, kó wá sọ gbogbo òfófó tó ti kọjá nígbà tí mi ò sí níbẹ̀.