Kásẹ́ẹ̀tì Tó Wà Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni Bàrákàt, ọmọ ọ̀rẹ́ mi Hàlímọ̀tù, wọ bọ́ọ̀sì láti Walworth wá sílé mi ní Peckham. Mo ń ṣa ẹ̀wà, mo ń kọrin sí i, nígbà tó kanlẹ̀kùn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da ẹ̀wà nù. Ogójì ọjọ́ ikú ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni.

“Ẹ kú ilé o, Aunty Mìsítúrà.” Ó kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bẹ́ẹ̀ London níbí ni wọ́n bí i sí.

“Dìde jàre. Mo ti nulẹ̀, má fi eékún bá mi nù ún.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. “Aunty, Mummy sọ fún mi ní ọsibítù pé kásẹ́ẹ̀tì orin àwọn wà lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní ẹyọ kan ṣoṣo tó wà láyé nìyẹn. Wọ́n ní, ‘Mìsítúrà á ti tọ́jú ẹ̀.’ Please, mo fẹ́ gbọ́ ohùn wọn.”

Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà.

Wákà ni Hàlímọ̀tù ń kọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó ti ń lé orin nílé wa lọ́hùn-ún, tí wọ́n bá ń lọ pàdé àwọn tó ti Mẹ́kà dé. Èmi ni mò ń gbè é, tí mò ń lu sẹ́lí, àwo irin pẹlẹbẹ tó ń dún ṣaworo lọ́wọ́. Bó bá ní, “Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ ò kọ̀ ọ́,” èmi á ní, “Ọlọ́hun ló mú wa dé.” Àwa méjèèjì la jọ wá sí London. Láàárọ̀, a ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Elephant and Castle. Tó bá di Sátidé, a ń kọrin níbi ìsọmọlórúkọ. Ohùn rẹ̀ a máa gòkè bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn láìfọwọ́ kan ògiri. Ní 1994, ẹnì kan gba orin wa sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé e fún mi.

Kò pẹ́ sígbà náà, wọ́n pe Hàlímọ̀tù sí Bermondsey, ó mú ẹlòmíì lọ láti gbè é. Mo bi í léèrè.

Ó ní, “Mìsítúrà, o máa ń yára jù. N kì í tíì mí tán tí wàá fi já a gbà lẹ́nu mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, nítorí òótọ́ ni. Mo délé, mo ká bébà, mo fi dí ihò orí kásẹ́ẹ̀tì náà tí kì í jẹ́ kí wọ́n gba nǹkan míì lé e, mo sì gba wàásí lé orin wa. Mo sọ fún ara mi pé nítorí Ọlọ́hun ni. Irọ́ ni. Ìbínú ni mo fi wàásí bò.

Lọ́dún kejì, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Hàlímọ̀tù lọ́fun, ohùn orin yẹn kò sì padà mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló bí Bàrákàt. Ohùn tó há ni ọmọ yìí mọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀. A ń kíra ní mọ́sálásí, èmi àti Hàlímọ̀tù, a ń bára wa ṣeré pàápàá, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó mọ ohun tí mo ṣe títí ó fi kú.

“Bàrákàt,” mo ní, “mo ti ba kásẹ́ẹ̀tì yẹn jẹ́.” Mo rò ó fún un, n kò fi ọ̀kan pamọ́.

Ó ní, “Gbogbo ẹ̀ lẹ bà jẹ́?”

“N kò mọ̀. N kò gbọ́ ọ mọ́ láti ọjọ́ náà.”

“Ẹ gbé e wá.”

A fi í sínú rẹ́díò mi àtijọ́. Àlùfáà ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe àlùwàlá. Ó fọ ọwọ́, ó fọ ẹnu, ó fọ imú. Ìṣẹ́jú ń lọ.

“Aunty, bàbá yìí ò tíì dé ẹsẹ̀?”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe.

Nígbà tó yá, àlùfáà dákẹ́ lójijì; wàásí náà kò gùn tó kásẹ́ẹ̀tì. Sẹ́lí dún. Hàlímọ̀tù gbé ohùn sókè, ohùn tó mọ́ gaara: “Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀—” Ohùn mi já lé e: “Ọlọ́hun ló mú wa dé!” Kásẹ́ẹ̀tì tán.

“Èwo ni Mummy níbẹ̀?”

“Ẹni tí n kò jẹ́ kó parí.”

Ó dá a padà, ó tún un gbọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni mò ń retí pé màá dúró lọ́tẹ̀ yìí. N kò dúró.

Ó pa rẹ́díò, ó nu ojú. “Kí ni wọ́n fẹ́ fi parí ẹ̀?”

Mo sọ fún un. Ó wá gbìyànjú rẹ̀, pẹ̀lú Yorùbá London rẹ̀ tó ń tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún: “Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ ò kọ̀ ọ́.”

Mo dúró kó mí tán kí n tó gbè é. Kò jọ ohùn ìyá rẹ̀ rárá.