Fáìlì Ìjẹrin

Lẹ́tà pupa tún bo ojú kọ̀ǹpútà. Olúwatófúnmi ka ìlà tó gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ̀rọ ní òun ò rí fáìlì tó ń wá. Fáìlì ọ̀hún sì rèé tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú fódà, tí gbogbo ayé ń rí i.

"Tófúnmi, ṣé ó ti jáde?" Ọ̀gbẹ́ni Sànyà, máníjà ilé iṣẹ́ yọ́gọ́ọ̀tì wọn, ló yọ orí sẹ́nu ọ̀nà. "Mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ Bàbá Làsísì kí wọ́n tó lọ kírun Jímọ̀."

"Ó kù díẹ̀, sà."

Irọ́ ni. Kò tíì yé e rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi wo fídíò nílé wọn ní Omole, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo nótíbúùkù, ìwé orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ kóòdù sí. Ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa mójú tó dátà ilé iṣẹ́, ipò náà sì wù ú dọ́kàn, ló bá dìde níbi ìpàdé àárọ̀, ó ní kí wọ́n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún òun.

Yọ́gọ́ọ̀tì tó kún inú yàrá òtútù ló bàjẹ́. Máníjà ní Bàbá Làsísì, tó ti ń ṣọ́ yàrá náà láti ọdún mọ́kàndínlógún, ló gbàgbé ilẹ̀kùn sílẹ̀. Bàbá búra pé ẹ̀rọ òtútù ló kú fúnra rẹ̀ níjẹrin, láti aago méjì ọ̀sán títí di méje alẹ́, àti pé òun pe Job, ẹnjiníà wọn, kò wá. Job ní òun ò gbọ́ ìpè kankan. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀rọ tó ń wọn òtútù máa ń kọ fáìlì tirẹ̀, fáìlì kan fún ọjọ́ kan. Bí ohun tí bàbá sọ kò bá sí nínú ẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lónìí nìyẹn.

Tófúnmi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé ibi tí nótíbúùkù wà ọ̀tọ̀, ibi tí fáìlì wà ọ̀tọ̀. Ó kó wọn pọ̀ sójú kan. Òní Ẹtì, ó yọ ọjọ́ mẹ́rin kúrò, ó bọ́ sí Ajé. Ó pe fáìlì ọjọ́ Ajé, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́. Inú rẹ̀ dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló wo nọ́ńbà. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, òtútù ò kúrò ní dígírì mẹ́rin. Ó fẹ́ràn bàbá yìí. Síbẹ̀ ó fi èsì náà ránṣẹ́ sí máníjà.

Máníjà pè é lórí fóònù kíá. "O káre! Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ipò yẹn ti di tìẹ. Jẹ́ kí n tẹ lẹ́tà tí mo fi ń yọ bàbá níṣẹ́."

Kò pẹ́ tí Bàbá Làsísì fi wọlé, wọ́n gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì rẹ̀. "Wọ́n ní ìwọ ni kí n kó o fún, ìyá mi. Mo ń lọ kírun."

Kí ó gbà á kó dákẹ́ ló yẹ, ṣùgbọ́n inú ń bí i. "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ parọ́? Gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè pátá, ẹ̀rọ yẹn ò kú!"

"Ta ló pe Mọ́ńdè?"

"Ẹ̀yin lẹ ní níjẹrin, sà. Ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn."

Kò jọ pé inú bí bàbá. Ó jọ pé àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. "Ìjẹta ńkọ́? Ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́ tó ṣáájú àná. Wẹ́sìdeè."

"Ó dáa. Èwo ló wá ṣáájú ìjẹta?" Wọ́n na ọwọ́ sí i, wọ́n ń ká ìka kò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Òní. Àná. Ìjẹta. Ìjẹrin. Mẹ́rin rèé. Ṣé òní kì í ṣe ọjọ́ ni, tó o fi yọ ọ́ sílẹ̀?"

Tófúnmi yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó ṣi orúkọ fáìlì tẹ̀, pupa tún yọ, ó tún un tẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣí. Aago méjì ọ̀sán, ẹ̀rọ kú. Aago mẹ́ta, òkú. Nígbà tó fi máa di méje, ooru ti dé dígírì mẹ́tàdínlógún. Bí bàbá ṣe wí gẹ́lẹ́ ni.

Ojú tì í débi tí kò lè gbé e sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má tíì lọ. Ẹ bá mi kálọ."

Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì Ọ̀gbẹ́ni Sànyà, ó ti buwọ́ lù ú. Tófúnmi gbé kọ̀ǹpútà lé e lórí. "Ẹ wo Túsìdeè, sà. Ọjọ́ tí bàbá sọ nìyẹn. Ẹ̀rọ kú fún wákàtí márùn-ún."

Máníjà wo nọ́ńbà náà, ó wo bàbá, ó tún wo Tófúnmi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣàánú ọmọ. "Kọ̀ǹpútà ló ṣì í kà lákọ̀ọ́kọ́, àbí?"

Orí ló yẹ kó kàn mì. Ẹnikẹ́ni ò ní bi í ní ìbéèrè mìíràn, ipò náà yóò sì ṣì jẹ́ tirẹ̀.

"Rárá o, sà," ni Tófúnmi wí. "Èmi ni mi ò mọ ọjọ́ kà."