Omi tó Wà ní Orí Kọkànlá

Èmi ni mo fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ ìtìjú ara mi sórí bébà, ẹ̀rín ni mo sì ń rín bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹlòmíì má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kí n tó délẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni òǹkọ̀wé. Onígègé là ń pè é nílé, torí ó lè gbàgbé ṣòkòtò sílé ìwẹ̀, kò ní gbàgbé gègé ìkọ̀wé rẹ̀. Yàrá méjì la jọ ń gbé. Ìkọ̀wé rẹ̀ dà bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀ lẹ́yìn òjò; èmi nìkan ló lè kà á. Taìpíìsì ni mí ní ọ́fíìsì lọ́yà kan, mo sì ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù kan nílé. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, màá bọ́ bàtà, màá tú kọ́mú kí àyà lè rí èémí mí, màá wá jókòó tẹ ohun tó kọ láàárọ̀.

Obìnrin kan wà nínú ìwé náà tí wọ́n ń pè ní Aṣẹ́ga, torí kò sí àga tó jókòó lé tí kì í kán. Ó ń hanrun, ó ń jẹun látinú ìkòkò, ó ń purọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ gba irọ́ náà gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, níbo lẹ ti rí òmùgọ̀ yìí?"

Ó ní, "Ìtòsí ni."

Mo tún bá a fi iyọ̀ sí i. Mo ní kó kọ ọ́ pé bí obìnrin náà bá ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ a máa gbọ̀n bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó wo bẹ́ẹ̀dì mi, ó wò mí, ó kọ ọ́. Àga tí mo jókòó lé lọ́jọ́ náà, bíríkì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹrin. Síbẹ̀, n kò fura.

Orí kọkànlá ló là mí lójú. Ìyá Aṣẹ́ga dùbúlẹ̀ àìsàn. Aṣẹ́ga ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sínú kọ́mú, ó lọ bá télọ̀ kan ní òpópónà kejì. Nígbà tó padà dé, ìyá ti ré bọ́ láti orí ibùsùn, ó ti kú, ó na ọwọ́ sí ife omi tó wà lójú fèrèsé.

Ọwọ́ mi ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ọwọ́ taìpíìsì kì í dúró béèrè lọ́wọ́ ọkàn. Èmi ni Aṣẹ́ga, màmá wa ni ìyá náà. Fèrèsé wa ni, ife wa ni, télọ̀ mi ni, ọkùnrin tí kò tilẹ̀ mọ aṣọ rán. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́ fún láyé, Onígègé náà ni. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, ó ń fọwọ́ pa mí lórí bí mo ṣe ń sunkún, ó ń bi mí pé, "Ife yẹn ńkọ́? Ṣé omi ṣì kún inú rẹ̀?" Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é.

Ohun tí mo sọ fún Àǹtí yàtọ̀. Àǹtí ni àkọ́bí wa. Aṣọ àwọn ẹlòmíì ló fọ̀ títí èékánná rẹ̀ fi rà, kí èmi àti Onígègé lè kàwé. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ ẹyọ lẹ́tà kan. Mo sọ fún un pé màmá mu omi, pé ó fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ mi, ó sì sùn lọ. Látọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní ọmọ tó sin ìyá rẹ̀ dópin. Tí orí kọkànlá bá dé etí rẹ̀, mo gbé.

Mo kúnlẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́."

"Bí mo bá yọ ọ́, ìwé ti kú."

"Èmi náà ńkọ́?"

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ ò lè kú. O ti sanra jù."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo rẹ́rìn-ín, mo dìde, mo lọ tẹ orí kọkànlá mìíràn. Nínú tèmi, Aṣẹ́ga bu omi fún ìyá, ìyá mu ún tán, ó súre fún un, ó sùn lọ. Mo sun èyí tó fọwọ́ kọ, mo sun èyí tí mo tẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo di ìyókù, mo gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé. Ọdún mẹ́jọ nídìí iṣẹ́ taìpù, mo gbàgbé kábọ̀n. Ẹ̀dà tí bébà dúdú yẹn ṣe ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí Onígègé.

Kò bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó lọ gba ìwé náà padà nílé ìtẹ̀wé, ó ka tèmi, ó tún un kà, ó ní, "Irọ́ rẹ dára ju òtítọ́ mi lọ. Màá lo méjèèjì." Ó dá tirẹ̀ padà sí orí kọkànlá, ó fi tèmi ṣe orí kejìlá láìyí ọ̀rọ̀ kan padà: irọ́ tí Aṣẹ́ga pa fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Orí kejìlá yẹn ló sọ ìwé náà di ìwé. Wọ́n gbé oyè lé e lórí nítorí rẹ̀. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ pé: *Fún àbúrò mi, tó bá mi tẹ̀ ẹ́.*

Ogójì ọdún rèé, ìwé ìdánwò ni báyìí. Lóṣù tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi obìnrin gbé e wá síwájú mi. "Màmá àgbà, òmùgọ̀ ni Aṣẹ́ga yìí, ọ̀dájú sì tún ni."

Mo ní, "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fún ẹ ní máàkì."

Lẹ́yìn tí a sin Onígègé, Àǹtí ránṣẹ́ pè mí. Kò lè dìde mọ́. Ó ní gbogbo ayé ló ti ka ìwé àbúrò òun, àfi òun, kí n wá kà á sí òun létí. Mo ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sán. Ó ń rẹ́rìn-ín Aṣẹ́ga, èmi náà ń rín in, àga rẹ̀ ń ké lábẹ́ mi. Nígbà tí a dé orí kọkànlá, mo tutọ́ sí àtàǹpàkò, mo ṣí ewé mẹ́sàn-án papọ̀, mo sì ka orí kejìlá bí ẹni pé òun ló kàn. Ohùn mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo tilẹ̀ sunkún díẹ̀.

Àǹtí ní, "Ó mu omi náà?"

"Ó mu ún, Àǹtí. Ó mu ún tán."

Ó kọjú sí ògiri.

"Èmi ni mo wẹ òkú màmá. Ahọ́n rẹ̀ gbẹ bí awọ bàtà. Òwú ni mo rì sómi tí mo fi rin ín, kí ẹnu rẹ̀ tó lè pa dé." Ó fa aṣọ ìbora dé ọrùn. "Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń dúró dè ẹ́. Ó yá, padà síbi tí o fò yẹn, kí o kà á fún mi."