Ìpè Dọ́lífìn

U Sein Hla fi igi lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dẹtí sílẹ̀. Odò Ayeyarwady pa lọ́lọ́. Tẹ́lẹ̀, kì í lù ú pẹ́ kí àwọn dọ́lífìn, ẹran ńlá inú odò, tó jẹ́ ìpè. Wọn a da ẹja wá síwájú ọkọ̀, òun a ju àwọ̀n, kálukú a sì jẹ tirẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ṣe é náà nìyẹn.

Àmọ́ àwọn kan ti ń gbé báàtìrì wọ odò báyìí, wọ́n ń fi iná mànàmáná pa ẹja tìyátọmọ. Lóṣù tó kọjá, òkú abo dọ́lífìn kan léfòó sétí omi, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn U Sein Hla kò ti balẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Daw Mya Yi, ìyàwó rẹ̀, tó ń tukọ̀, ló kọ́kọ́ rí i. "Bàbá Thida, ẹ wo ọ̀hún."

Orí ràbàtà kan yọ, ó mí fúù. Ọmọ kékeré kan rọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kí U Sein Hla tó nawọ́ gán àwọ̀n, ọkọ̀ méjì já jáde láti ẹ̀yìn koríko. Phyo, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ló ṣíwájú, báàtìrì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá onírin wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ máa pè é lọ. Ibi tó bá kó ẹja jọ sí ni tiwa náà wà."

"Phyo, ọmọ wà pẹ̀lú rẹ̀."

"Kó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́nà nígbà náà."

Daw Mya Yi wò ó. "Ẹja tí mo fi bọ́ ẹ dàgbà, ta ló ń dà á jọ fún wa?"

"Ebi ò mọ ìyẹn, Àǹtí."

Dọ́lífìn náà ti ń yí po, ó ń da ẹja bọ̀ wá bá wọn. Phyo ti ń ki ọ̀pá rẹ̀ bọmi.

"Gbé àjẹ̀ yẹn fún mi," ni U Sein Hla wí.

Ó gbé e sókè, ó là á mọ́ omi. Ẹran náà kò sá. Ó mọ U Sein Hla dáadáa. U Sein Hla tún gbé àjẹ̀ náà, ó sì là á mọ́ ẹran náà lẹ́yìn gan-an. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára dé èjìká. Ìyá àtọmọ rì sínú omi, ẹja tú ká.

Phyo ṣépè, ó yí ọkọ̀ padà, ọkọ̀ kejì sì tẹ̀lé e.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ èémí méjì lọ́nà jíjìn, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré.

"Wọ́n á padà wá," ni ìyàwó rẹ̀ rọra wí. "Tí ara wọn bá ti balẹ̀."

U Sein Hla dá àjẹ̀ náà padà fún un. Dọ́lífìn kì í gbàgbé ẹni tó bá dá a lóró. Ohun tó sì ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú ọkàn rẹ̀ nìyẹn: kí ìyá yẹn kọ́ ọmọ rẹ̀ láti máa bẹ̀rù òun.